Ẹ̀sùn Kọ́ ni Ẹ̀bi

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Òwe yìí fi yé wa pé bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ yóò tẹ ẹni tó sọ olè jíjà di ìwà. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnìkan bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kí a mọ ohun tí a ń kà sí i lọ́rùn?

Ní ọdún 1998, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe òfin kan láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ olórin àti òǹkọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lára ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe, kí ó má baà san owó gbà-máà-bínú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà rẹ̀, ni kí ó ní ìlànà láti já arúfin-léraléra kúrò nígbà tó bá yẹ. Òfin náà kò sọ iye ìgbà tó ń jẹ́ léraléra. Kò sọ ìgbà tó yẹ. Kò sì sọ bóyá ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ni arúfin, tàbí ẹni tí olóhun kàn fẹ̀sùn kàn. Gbólóhùn pọ́n-na gbáà ni.

Ilé-iṣẹ́ Cox ní ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi nìkan ni. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan kọ̀ ọ́: níbi tí àwọn aṣòfin bá ti ní ìdájọ́ lọ́kàn, wọ́n a máa sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ̀rí sì fi hàn pé bí Cox bá já oníbàárà tán, ó máa ń tún un so padà. Nínú ẹjọ́ mìíràn, ní 2019, ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ bu bílíọ̀nù kan dọ́là lé Cox nítorí iṣẹ́ orin 10,017. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé iye owó náà.

Mo gbà pé ìtumọ̀ ti 2018 bá ọ̀rọ̀ inú òfin mu. Bí a bá ní kí olórin pe ẹjọ́ lórí orin kọ̀ọ̀kan, owó agbẹjọ́rò yóò ju owó orin lọ. Síbẹ̀, nínú èdè wa, ẹ̀sùn yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Ẹ̀sùn mẹ́ta tí a kó jọ kò di ẹ̀bi kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ilé kan, bàbá lè máa sanwó, kí ọmọ máa jí orin, kí ìyá tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ sì bá wọn jìyà.

Ohun tó tọ́ lójú tèmi ni kí òfin fúnra rẹ̀ sọ iye ìkìlọ̀, kí ó sì fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láàyè láti wí tẹnu rẹ̀ kí a tó já a kúrò. Bí òfin bá dákẹ́, ẹni tí owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa.