Òpó Iná ti Ẹnìkan Ṣoṣo

Ní ilẹ̀ Jàpáánì, àwọn olùfẹ́ orin kan ń ri òpó iná tiwọn sí iwájú ilé, pẹ̀lú tiransifọ́mà rẹ̀, kí ìdàrú iná láti ilé aládùúgbò má baà dé inú ẹ̀rọ orin wọn. Ìròyìn ọdún 2016 sọ ti ọ̀kan tí ó ná nǹkan bí 10,000 dọ́là. Ẹ̀ṣẹ̀ ha ni èyí bí? A kò lè wí bẹ́ẹ̀: owó rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn nítorí rẹ̀. Ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé a ka aládùúgbò sí ìdọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà 6,600 fóltì tí ń bọ́ òpó náà jẹ́ ti gbogbo àdúgbò! Bí a bá dì í lójú, tí a sì ń pààrọ̀ wáyà, ǹjẹ́ etí rẹ̀ yóò mọ ìyàtọ̀? Ìbá dára kí ó kọ́kọ́ dán an wò.