Ẹni Tó Ń Kìlọ̀, Ǹjẹ́ Ó Mọ Ẹkún Sun?

Ọmọ ilé-kéwú kan bi mí pé: “Ààfáà, bí Ọlọ́hun bá fẹ́ fìyà jẹ ìlú kan, ṣé inú Rẹ̀ máa ń bàjẹ́ ni?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a wo Jeremáyà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Irmiya. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú Àlùkùráánì, ṣùgbọ́n àwọn onítúmọ̀ kan dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn ẹni tó kọjá ní ìlú tó dahoro, nínú Súrà Bàkárà. Fún nǹkan bí 40 ọdún ló fi kìlọ̀ fún àwọn ará Jẹ́rúsálẹ́mù pé kí wọ́n jáwọ́ nínú òrìṣà bíbọ àti ìrẹ́jẹ aláìní. Wọ́n nà án, wọ́n jù ú sí kòtò ẹlẹ́rẹ̀. Síbẹ̀, omijé ló fi ń kìlọ̀. Nínú ìwé tí a mọ̀ mọ́ ọn, ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹkún rẹ̀ parí sí, tí ohùn Ọba tó rán an ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ Júù fúnra wọn. Mùsá ọmọ Maymun, tó kú ní 1204, tó sì fi èdè Lárúbáwá kọ̀wé, ní àfiwé lásán ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Abraham Joshua Heschel, nínú ìwé rẹ̀ ti 1962, ní rárá o, ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ká Ọlọ́hun lára ní tòótọ́.

Àwa mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ti ibẹ̀ sọ pé ìyà wù Ú. Àánú Rẹ̀ ló ṣáájú ìbínú Rẹ̀. Àwọn ará ìlú Ànábì Yúnúsà túúbá, Ó sì ká ìyà kúrò lórí wọn. Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé: bí Ọlọ́hun ṣe rí, Òun ló mọ̀, bí ó ṣe yẹ kí ìránṣẹ́ Rẹ̀ rí ni a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí bá èmi gan-an wí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bá ọmọ kan wí níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ilé ọtí tí wọ́n ti rí i. Òdodo ni mo sọ, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn bí mo ti ń sọ ọ́. Ọmọ náà kò padà wá mọ́.

Nígbà tí ogun Bábílónì yí Jẹ́rúsálẹ́mù ká, Jeremáyà wà ní àtìmọ́lé. Níbẹ̀ ló ti ra oko kan ní Ánátótì lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀, ní ṣékélì fàdákà 17. Ó ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ náà sínú ìkòkò amọ̀, kí ó lè pẹ́. Ta ní ń ra oko ní ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé yóò bàjẹ́? Ẹni tó gbà pé ìyà kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀ ni. Ìlú náà wó ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà. Lẹ́yìn bí ọdún 48, Kírúsì ọba Páṣíà jẹ́ kí wọ́n máa padà sílé.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bó bá yí padà lónìí, ṣé àyè rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní ìkírun wa? Bí kò bá sí, a kò tíì ra oko kankan. Èmi yóò lọ sí ilé ọmọ yẹn. Kí Ọlọ́hun fi àánú sí ahọ́n wa. Àmín.