Ọ̀rá Tí Wọn Ò Tẹ́

Oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n da ilẹ̀ ilé náà. Ọyẹ́ ti mú, yanrìn Badore ní Èkó gbẹ débi pé atẹ́gùn ń gbé e káàkiri. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ló ni ilé ọ̀hún. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ra pulọ́ọ̀tì náà nítòsí ọ̀sà, níbi tó jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó yanrìn dí i. Nígbà tó kan jámánì flọ́ọ̀, ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà béèrè ọ̀rá tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ kọnkéré kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ní kí wọ́n má wulẹ̀ náwó sí i, pé ilẹ̀ ti le, pé ó sì gbẹ. Tíṣà gbà bẹ́ẹ̀. Owó géètì ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nígbà náà.

Ilẹ̀ tí wọ́n rí lóṣù Ọ̀pẹ kọ́ ni ilẹ̀ tí ilé náà yóò jókòó lé lóṣù Okúdù. Létí ọ̀sà Èkó, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibòmíràn wà tí ènìyàn yóò gbẹ́ ilẹ̀, tí ihò kò tíì dé orúnkún tí omi á ti yọjú. Ẹni tó bá fi ọyẹ́ wo ilẹ̀ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló rí.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ kọjá, kò sí ohun tó ṣe ilé. Ní ti ọdún kejì, táìlì pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kòǹkò lábẹ́ ẹsẹ̀, bíi pé nǹkan kan ti ṣófo níbẹ̀. Méjì gbéra sókè lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì fọ́. Ọ̀dà ìdí ògiri ń ṣí, ìyẹ̀fun funfun kan sì ń hù jáde lára rẹ̀. Bí wọ́n bá nù ún lónìí, yóò tún ti yọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Iyọ̀ ni. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀ a máa yọ́ iyọ̀ inú yanrìn, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dání. Bó bá dé ojú ògiri, omi á fò lọ, iyọ̀ á kù síbẹ̀, á máa dì, á máa ti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri títí yóò fi wó wẹ́wẹ́.

Tíṣà pe ẹni tó ń tẹ́ táìlì. Ìyẹn ní sìmẹ́ǹtì tí wọ́n lò kò dára, ó tú u, ó tún un tẹ́. Òjò tó tẹ̀lé e, ó tún dún. Wọ́n kun ìdí ògiri ní ọ̀dà olóròóró. Ó ṣí bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ wá sọ pé wọ́n sin nǹkan sínú ilẹ̀ náà, pé kí wọ́n pe àwọn aláàdúrà. Ó dùn mí pé owó tó yẹ kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń lọ síbi báyìí nígbà tí ìyà bá ti pọ̀ lórí onílé.

Èyí tó burú jù ni ti yàrá ọmọ-ọmọ Tíṣà. Wọ́n kó táìlì rẹ̀ kúrò, wọ́n tẹ́ rọ́bà kápẹ́ẹ̀tì sí i. Rọ́bà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mí, nítorí náà omi tó ń gòkè há sí abẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ tú, abẹ́ rọ́bà bu dúdú, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà bu, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ọmọ náà ní àsímà. Bíbu inú ilé sì wà lára ohun tó máa ń ta àsímà jí.

Bàbá bíríkìlà kan láti Ìkòròdú ló wá rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Kò fọwọ́ kan ògiri. Ó ṣí táìlì mélòó kan láàárín pálọ̀, ó gbá ojú kọnkéré mọ́ tónítóní.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀rá tó mọ́ gaara àti sẹ́lótéèpù.”

Ó gé ọ̀rá náà ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú lóòró, ó lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ kọnkéré pinpin, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án dọ̀la. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, abẹ́ ọ̀rá ti làágùn, kọnkéré ibẹ̀ sì ti dúdú.

“Ẹ fọwọ́ kan òkè rẹ̀, sà. Ó gbẹ. Ká ní afẹ́fẹ́ inú yàrá ló gbé omi wá, òkè ni ì bá tutù. Abẹ́ ló tutù. Ilẹ̀ ló ń rán an wá.”

“Ọ̀gá mi, ṣé kọnkéré tó le tó báyìí náà ni omi ń là kọjá?”

“Ó le lóòótọ́, sà, àmọ́ ó níhò.”

Bàbá náà mọ ohun tó ń sọ. Omi tí a fi ń po kọnkéré máa ń ju èyí tí sìmẹ́ǹtì nílò láti fi dì lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù á gbẹ jáde, ọ̀nà tó gbà jáde kò sì ní dí: ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Ihò wọ̀nyí ló ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Bí a bá da omi jù sí àpòpọ̀ kó lè rọrùn tẹ́, ihò á pọ̀ sí i. Bí a bá sì dá omi wíwọ́n dúró lọ́jọ́ kejì tí a dà á, tí a kò wọ́n ọn tó ọjọ́ 7, ihò náà á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Méjèèjì ni wọ́n ṣe nílé Tíṣà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbùjá. Yàrá kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n fọ́ ilẹ̀ dànù, wọ́n gbẹ́ yanrìn tútù kúrò. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ nínú síbẹ̀, nǹkan bí ínǹṣì 6, nítorí àyè tó wà láàárín òkúta tóbi ju èyí tí omi lè gùn lọ. Wọ́n kì í mọ́lẹ̀, wọ́n fi yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ kí ṣónṣó òkúta má bàa gún ọ̀rá. Wọ́n wá tẹ́ ọ̀rá tó nípọn, géèjì 1000, etí kan gun èkejì ní ínǹṣì 6, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n sì ká a sókè lára ògiri yíká. Lẹ́yìn èyí ni kọnkéré tuntun tó dé orí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, inú pálọ̀ ni gbogbo ìdílé ń sùn, tàbí nílé àbúrò Tíṣà nígbà tó kan pálọ̀ fúnra rẹ̀. Owó tí iṣẹ́ yìí gbà kò ṣeé fi wé owó ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Bàbá bíríkìlà kò sì gbà kí wọ́n tètè tẹ́ nǹkan lé e. Kọnkéré tuntun ní omi tirẹ̀ nínú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí oṣù kan láti gbẹ, níbi tí atẹ́gùn bá ti ń wọlé dáadáa. Rọ́bà àti pákó ni ìkánjú ń bà jẹ́ jù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tí wọ́n ti kọ́ tán, kó lọ wò ó ní oṣù Agẹmọ tàbí Ọ̀wẹwẹ̀, kó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ìdí ògiri tí wọ́n gbé àga bò. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá tuntun ju ti òkè lọ, kó béèrè ìdí rẹ̀. Kó wo ìta pẹ̀lú: ilẹ̀ inú ilé tí kò ga ju ti àgbàlá lọ ní ínǹṣì 6 ó kéré tán, ojú òpópó tí wọ́n bá kún sókè lọ́jọ́ iwájú yóò darí omi sí i.

Ẹni tó ń kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, kó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ́ ọ̀rá, kó má sì lọ títí wọn yóò fi da kọnkéré tán. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa ti bárò gba orí rẹ̀, wọ́n á máa gún irin mọ́ ọn, etí ṣọ́bìrì á máa ha á. Ibi tó bá ti ya, kí wọ́n dúró, kí wọ́n lẹ òmíràn bò ó, kí bárò tó tún kọjá.