Ọ̀rọ̀ tí Ó Tọ̀nà, tí Ó sì Lè Pani

Bí ọ̀rọ̀ kan bá tọ̀nà nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣi àwọn tí ń kà á lọ́nà, ta ni ó jẹ̀bi? Ẹ bá mi fi ojú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wò ó. ‘Inflammable’ ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a sì ń fi í pè ni ohun tí ó máa ń tètè gbiná, bí epo pẹtiróòlù. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ti kọ́ ọmọ ilé ìwé pé ‘visible’ ni ohun tí a lè rí, pé ‘invisible’ sì ni èyí tí a kò lè rí. Kí ni ọmọ náà yóò rò nígbà tí ó bá rí ‘inflammable’ lára àgbá? Yóò ní iná kò lè ràn án. Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ ni ó ń lò.

Láti inú Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. ‘In’ méjì ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n jọra bí ìbejì: ọ̀kan ń sọ pé ‘kì í ṣe’, èkejì ń sọ pé ‘sínú’. Èkejì yìí ni ó wà nínú ‘inflammare’, èyí tí í ṣe kí a tiná bọ nǹkan. (Kí àwa tí a ń kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìfi àmì sí wọn má tíì rẹ́rìn-ín.)

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, National Fire Protection Association ti Amẹ́ríkà rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa kọ ‘flammable’. Ní 1959, British Standards Institution náà gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò dùn. Wọ́n ní bí a bá ń tẹ̀ lé àṣìṣe gbogbo ènìyàn, kí ni yóò kù nínú èdè? Ẹjọ́ wọn kò ṣófo, n kò sì ní bá akéwì tí ó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà jà. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í ṣe ewì. Ẹni tí ó ń kìlọ̀ jẹ ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní gbèsè, gbèsè náà sì ni pé kí ó yé e. Èmi kò rí bí a ṣe lè fi ìwé ìtumọ̀ san án fún ẹni tí iná ti jó.

Benjamin Whorf, onímọ̀ èdè tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ adójútòfò iná, ṣe àkíyèsí kan tí ó le ju èyí lọ nínú àròkọ tí a tẹ̀ jáde ní 1941. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣọ́ra nídìí àgbá tí epo kún inú rẹ̀. Nídìí àgbá òfìfo, wọn a máa mu sìgá. Bẹ́ẹ̀ ni ooru epo tí ó ṣẹ́kù sínú òfìfo náà, tí ó ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ni ó léwu jù. Kò sí ẹni tí ó ṣi ‘òfìfo’ túmọ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí èmi kọ tiwa, ‘A MÁA TÈTÈ GBINÁ’ ni n óò kọ sára ọkọ̀ epo, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré. N óò sì kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa pẹ̀lú.