Wọ́n Gbà Á Ni, Àbí A Fún Wọn?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá wọlé tọ̀ yín wá, tó ní, "Wọ́n gba owó lọ́wọ́ mi," kí lẹ gbọ́? Ṣé gbèsè ló san ni, àbí wọ́n jà á lólè? Ẹ ò lè mọ̀, àfi tí ẹ bá wo ojú rẹ̀. Ọmọ tó kúnlẹ̀ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó gbà. Ìgárá tó yọ ìbọn sí onímọ́tò, òun náà gbà. "Gbà" kan náà ni!

Kì í ṣe pé èdè wa tòṣì o. Ẹni tó yọ́ mú nǹkan nígbà tí olóhun kò rí i, ó jí i. Ẹni tó fà á yọ lójú olóhun tó sì sá lọ, ó já a gbà. Ẹni tó lo ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìbọn, ó fipá gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó da owó ìlú sápò ara rẹ̀, a ní ó kó o jẹ, bí ẹni jẹ iyán. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rọ̀ sí i, bí ipò ẹni tó mú nǹkan bá ṣe ń ga?

Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ náà ní tiwọn. "Kleptein" ni kí èèyàn jí nǹkan ní kọ̀rọ̀. "Harpazein" ni kó já a gbà ní gbangba. Wọ́n tún ní "lambanein", tó dà bíi "gbà" tiwa gẹ́lẹ́: ó lè jẹ́ pé èèyàn mú nǹkan fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fún un ni. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn wọn tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, pín ìbálò ọmọ aráyé sí méjì: èyí tí tọ̀túntòsì fọkàn sí, bíi rírà, títà àti yíyáni lówó, àti èyí tí ọkàn ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Inú ìpín kejì yìí ló kó olè ìkọ̀kọ̀ àti ìfipágbà sí pa pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ ni pé, kí á má wo ọwọ́ tó gbà nìkan; kí á wo ọkàn ẹni tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wọn ọ̀rọ̀ Èkó wò. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ka ìwé náà, ọba ló fún wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun wọn, Prometheus, wà lójú omi, wọ́n sì ti halẹ̀ pé ìbọn yóò sọ̀rọ̀ bí ọba bá kọ̀. Èkó kò sì tíì gbàgbé àgbá tí Gẹ̀ẹ́sì yìn lu ìlú ní ọdún 1851. Kò pẹ́ tí ọba àti àwọn ìjòyè fi kọ̀wé ẹ̀hónú. Ṣé ẹni tó fúnni tọkàntọkàn máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sọ pé ìtàn àtijọ́ nìyẹn. Ẹ lọ sí Kétu tàbí Mile 12 láàárọ̀. Agbèrò nawọ́, dírẹ́bà dáńfó rẹ́rìn-ín, ó kí i ní "Alayé!", ó sì ju owó sí i lọ́wọ́. Àlejò lè rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà bá kọ̀, dígí ọkọ̀ ń kọ́! Kọ̀ndọ́ yóò fi owó náà lé owó ọkọ̀, ìyá alátà yóò fi lé owó tòmátì, ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ní Ìkòsì ni yóò san gbogbo rẹ̀ níkẹyìn.

Ìyá tó ń ṣépè fún agbèrò yìí náà ńkọ́, bó bá ti ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú? Ẹni tó ra gààrí kóńgò kan fọkàn sí kóńgò kan ni, kò fọkàn sí èyí tí ìdí rẹ̀ wọnú. Jíjí ni, bó tilẹ̀ fi ẹ̀ènì lé e.

Ẹnì kan lè bi mí pé: "Owó orí ńkọ́? Ta ló ń fi tayọ̀tayọ̀ san án?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òfin ló gbé owó orí kalẹ̀, a mọ iye rẹ̀, a ń gba rìsíìtì, a lè pe ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ lẹ́jọ́, ó sì yẹ kó padà wá di títì àti omi. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbowó-orí àti agbèrò hàn mí.

Nítorí náà, kí á tó na ọwọ́ sí nǹkan ẹlòmíràn, kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: bí ẹni yìí bá kọ̀, tàbí tó kàn béèrè ìdí, ṣé yóò lọ ní àlàáfíà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí á má fi "gbà" bò ó mọ́lẹ̀. Kí á pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Kí àwa tó ń bá wọn pín níbẹ̀ sì rántí pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.