Ta Ni Yóò Gbọ́ Ti Ọmọ Wa?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ilé ṣe ibi ìsinmi fún wa. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa kò dá lórí ohun èèwọ̀ tí ó wà nínú fóònù. A ti gbọ́ ìyẹn tó lórí míńbárì. Ohun rere inú rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ohun rere ni ó mú àwa tí a ń kọ èyí.

A fẹ́ràn láti máa gbọ́ Kùránì lẹ́nu àwọn àgbà akéwú ilẹ̀ Íjíbítì. Ọ̀kan nínú wọn ni Sheikh Mahmoud Khalil al-Husary, tí wọ́n bí ní 1917, tí ó sì kú ní 1980. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ké odidi Kùránì ní kíké jẹ́jẹ́ tí à ń pè ní murattal, ní 1961. Nígbà tí a wà ní kékeré, kasẹ́ẹ̀tì ni a fi mọ ohùn rẹ̀. Bí bàbá wa bá ti ti ìrun Àsùbáà dé, wọn yóò ki kasẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ohùn náà yóò sì gba inú ilé kan. Ìyá wa tí ó ń dáná ń gbọ́, àwa tí a ń gbálẹ̀ ń gbọ́, ará ilé kejì pàápàá ń gbọ́. Lónìí, íntánẹ́ẹ̀tì ti kó gbogbo rẹ̀ wá sínú fóònù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ ọ, nítorí pé ó ti ki íápíìsì bọ etí.

Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa pé ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, há Súúrátù Duhā sórí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wá dúró níwájú wa, ó ní, “Àbí, mo ti há a. Ẹ jẹ́ kí n ké e fún yín.” Al-Husary wà létí wa nígbà náà, Súúrátù Yūsuf ni ó ń ké. A na ọwọ́ sí ọmọ pé kí ó dúró ná. Ó dúró títí, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún wá, a tún na ọwọ́. Ní ọjọ́ kẹta, kò wá mọ́. Nígbà tí a yọ íápíìsì, a bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ó ti sùn, Bàbá Àbíbù. Ó ti ké súúrà rẹ̀ fún mi ní ìdí ààrò. Ó ní kí n má pè yín, pé ẹ̀ ń gbọ́ Kùránì.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Iṣẹ́ wa ni kí á máa gbọ́ kéwú lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Ojoojúmọ́ ni à ń jókòó tì wọ́n ní ilé kéwú, bí ẹnìkan bá ṣi àmì kan ṣoṣo pè, a óò tún un ṣe. Ọmọ tiwa ni kò rí etí wa.

Ẹ wo súúrà tí a tìtorí rẹ̀ kọ etí ikún sí i. Ìtàn inú Súúrátù Yūsuf bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí ó wá rọ́ àlá fún bàbá rẹ̀. Ànábì Ya'qūb fetí sí i, ó sì gbà á nímọ̀ràn. Duhā tí ọmọ wa fẹ́ ké ńkọ́? Ẹsẹ mọ́kànlá péré ni. Nínú ẹsẹ kẹsàn-án, Ọlọ́hun kìlọ̀ kí á má ṣe ni ọmọ òrukàn lára. Nínú ẹ̀kẹwàá, kí á má ṣe jágbe mọ́ ẹni tí ó ń bèèrè. Ọmọ wa kì í ṣe ọmọ òrukàn, ṣùgbọ́n ní alẹ́ mẹ́ta yẹn, kí ni ó fi yàtọ̀ sí i?

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣebí Kùránì ni ẹ̀ ń gbọ́? Láádá wà níbẹ̀.” Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bukhārī àti Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) a máa gbèrò láti kí ìrun gígùn, bí ó bá wá gbọ́ ẹkún ọmọdé, a ṣe é ní kúkúrú, nítorí ó mọ bí ọkàn ìyá ọmọ náà yóò ti rí. Bí ìrun bá gba kí á gé e kúrú nítorí ọmọdé, kí ni àwáwí wa tí a kò lè dá fóònù dúró? Ohùn al-Husary yóò wà níbẹ̀ lọ́la. Ọmọ ọdún méje kò ní jẹ́ ọmọ ọdún méje ní àmọ́dún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe rò pé ọlọ́mọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ìyá yín ńkọ́, tí ó ń pè yín láti ìdí ààrò, tí ẹ kò dáhùn nítorí wáàsí tí ó wà létí yín? Ẹ rántí ìtàn Jurayj, olùjọ́sìn kan nínú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ìyá rẹ̀ pè é nígbà tí ó ń kírun. Ó rò ó bóyá ìyá òun ni kí òun dá lóhùn tàbí kí òun máa bá ìrun òun lọ, ó sì ń bá ìrun lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá yìí wá. Inú bí i, ó ṣépè, èpè náà sì jà. Wọ́n fi ẹ̀sùn àgbèrè kan Jurayj, wọ́n wó ilé ìjọ́sìn rẹ̀, kí Ọlọ́hun tó mú kí ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti dá a láre. Jurayj wà lórí ìrun o! Orí kí ni àwa wà?

Ohun tí à ń ṣe ní ilé wa báyìí nìyí. Èkínní, láti Màgíríbì títí di Ìṣáì, orí tábìlì kan ni gbogbo fóònù wà, ti bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú. Èkejì, ohun rere tí ẹnikẹ́ni bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe kéwú, ìbáà ṣe ọbẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ bí a ti ń sè, ìbáà ṣe ẹranko tí a kò rí rí, àárín ilé ni a ti ń ṣí i, kí gbogbo wa jọ gbádùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó dúró níwájú wa ṣáájú ẹni tí ó wà nínú fóònù.

Ànábì (S.A.W.) tí wọ́n sọ Kùránì kalẹ̀ fún ni ó sọ fún Abdullāh ọmọ Mas'ūd pé kí ó ké e fún òun. Ó ya ọmọ Mas'ūd lẹ́nu. Ànábì ní òun fẹ́ràn láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ké Súúrátù Nisā dé ibì kan, ó gbójú sókè, omi ti ń dà lójú Ànábì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí á tó jáde lọ sí ilé kéwú, àwa ni a lọ bá ọmọ wa. A ní, “Àbíbù, jọ̀ọ́, ké e kí á gbọ́.” Ó kọ́kọ́ wo etí wa méjèèjì ná, kí ó tó sọ Bismillāhi.

Ọlọ́hun kí ó fún wa ní etí ìgbọ́ràn. Kí ó má ṣe jẹ́ kí rere tí à ń wá lókèèrè gba rere tí ó wà nílé mọ́ wa lọ́wọ́. Āmīn.