Ta Ni Ó Jẹ̀bi: Ọtí Ni Tàbí Ọ̀mùtí?

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láàrin wa láti fi dá ẹjọ́ ẹni tí ọtí ti sọ di ẹrú. Àwọn kan a máa wí pé, "Ọtí ni, kì í ṣe òun." Àwọn mìíràn a sì wí pé, "Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á," wọn a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìdájọ́ èkíní dàbí àánú, èkejì dàbí òdodo. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lé ọkùnrin náà lọ, èyíinì ni ẹ̀yìn odi ìlú. Nítorí ẹni tí a bá wí pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe, a ti kà á mọ́ ẹran ọ̀sìn. A kì í pe ewúrẹ́ lẹ́jọ́.

Ìtàn kúkúrú kan wà tí ó tú ọ̀ràn yìí wò ju ìwàásù púpọ̀ lọ. Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1843. Ológbò Dúdú ni a lè pè é ní èdè wa. Ìtàn náà ṣókùnkùn, ó sì ba ni lẹ́rù, àwọn olùkọ́ mìíràn kì yóò sì fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé fojú kàn án. Ọkùnrin kan tí a ó pa ní ọjọ́ kejì ni ó ń sọ ọ́ láti inú ẹ̀wọ̀n. Oníwà tútù ni láti èwe, ó sì fẹ́ràn ẹran ilé. Ọtí dé, ìwà yí padà. Ní òru ọjọ́ kan tí ó mutí yó wálé, ó fi ọ̀bẹ kékeré yọ ojú kan ológbò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó so ó rọ̀ lórí igi. Ní ìkẹyìn ó fi àáké pa aya rẹ̀, ó sì mọ ògiri bo òkú rẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ìdí igi náà. Nígbà tí ó yọ ojú ẹran náà, ọtí wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ni ó so ó rọ̀, ojú rẹ̀ dá, omijé sì ń dà bí ó ti ń ṣe é. Ó mọ̀ pé ibi ni. Nítorí pé ibi ni gan-an ni ó ṣe ṣe é. Òǹkọ̀wé náà kò jẹ́ kí ọtí nìkan ru gbogbo ẹ̀bi. (Ohun kan ni mo bá a jà sí: ológbò ní orúkọ nínú ìtàn náà, aya kò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni a sì máa ń sọ ìtàn àwọn ọ̀mùtí àdúgbò wa.)

Àwọn dókítà òde òní ń pe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọtí àti oògùn ní àìsàn, òtítọ́ sì ni. Ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú, ní ọdún 2018, fi òfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ olómi tí kodíìnì wà nínú rẹ̀ wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè gba ìgò lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kò lè sọ fún wa bí a ó ti máa kí i ní òwúrọ̀.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ìtàn ọ̀mùtí tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ẹlẹ́mu tirẹ̀ ń ṣògo, kò tijú rárá. Ọ̀rẹ́ kún ilé rẹ̀; nígbà tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, kò sí ẹni tí ó tún yà sí i mọ́, òun nìkan ni ó sì dìde láti wá òkú náà lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn yìí ń pa ni lẹ́rìn-ín, ti Poe kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, síbẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, ọ̀mùtí fúnra rẹ̀ ni ó ń wí pé, "Èmi." Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ kan dìde kí ó kà á sókè, ọmọ náà yóò wí pé, "Èmi ni mo mu ún, èmi ni mo ṣe é." Ọmọ náà sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọrin tẹ̀lé ọ̀mùtí lójú títì ní àná.